Èsì sí lẹ́tà ẹ̀gbọ́n wa nípa ọmọ tó fẹ́ kọ́ fíólà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ẹni tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìròyìn yìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹ tẹ lẹ́tà òǹkàwé kan láti Òṣogbo níbí jáde. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ àwọn ṣe dáadáa nínú ìdánwò àṣejáde, gbogbo ẹbí sì ti ń pè é ní lọ́yà, àfi bí ọmọ náà ṣe fárígá pé orin ni òun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, àti pé nínú orin náà pàápàá, ohun-èlò kan tí wọ́n ń pè ní fíólà ni òun fẹ́ dì mú. Wọ́n béèrè bóyá a ti rí ẹni tó fi gòjé òyìnbó kọ́lé rí, wọ́n sì fi kún un pé kí ìjọba kúkú ti irú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ pa, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe ọ̀nà. N kò mọ ọjọ́ orí wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ní ọmọ-ọmọ tó ń wọ yunifásítì, ẹ̀gbọ́n ni mo máa pè wọ́n, n kò sì ní bá ẹ̀gbọ́n mi jà nínú ìwé ìròyìn. Mo kàn fẹ́ dáhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà nínú iṣẹ́ náà ni, nítorí fíólà ni mo ta, mo sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní orin ní yunifásítì kí n tó fẹ̀yìntì padà sí Òṣogbo.

Kí n tètè dáhùn ti ilé ná. Mo kọ́ ọ. Yàrá mẹ́rin ni, ó sì pẹ́ kó tó lórùlé, bí ilé olùkọ́ ṣe máa ń pẹ́.

Ohun tó gba àlàyé ni fíólà fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá rí i lọ́wọ́ mi ló ń pè é ní fáyólìn, ó sì ti pẹ́ tí mo ti dẹ́kun àtúnṣe. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ara fáyólìn tó pé kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 36 lọ ní gígùn, ti fíólà sì máa ń wà láàárín 38 sí 43. Okùn mẹ́rin ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ohùn fíólà rẹlẹ̀ ju ti fáyólìn lọ. Ẹni tó bá ti kọ dò-rè-mí rí nínú ìjọ, kó ti orí sọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sórí dò, bí ọ̀kan ṣe rẹlẹ̀ sí èkejì nìyẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni pé, bí wọ́n bá fẹ́ kí àpótí fíólà bá ohùn rẹ̀ mu rẹ́gí, ó yẹ kó fi ìdajì gùn ju fáyólìn lọ, ìyẹn ni pé kó lé ní sẹ̀ǹtímítà 50, ṣùgbọ́n ta ló ní apá tí yóò fi gbé irú rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n? Wọ́n gé e kúrú kó lè ṣeé gbé, wọ́n sì fi ohùn ńlá sínú ilé kékeré. Ìdí nìyẹn tí ohùn fíólà fi há díẹ̀, tó sì ní ìkùnsínú, bí ìgbà tí ìyá àgbà kan bá ń sun rárà ní ìdájí tí kò fẹ́ jí ará ilé. Kò mọ́ tónítóní bíi ti fáyólìn, kò sì fẹ̀ bíi ti ṣẹ́lò, ẹ̀gbọ́n wọn ńlá tí wọ́n máa ń jókòó ta. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, àléébù yẹn gan-an ló fẹ́ràn.

Nínú ọ̀kẹ́sítírà ńlá, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oríṣiríṣi ohun-èlò pọ̀, àwọn tó ń ta fáyólìn lè tó ọgbọ̀n, tí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n àwa onífíólà kì í sábà ju méjìlá lọ, àárín orin la sì máa ń wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ dùndún yóò tètè yé. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń pe oríkì, ẹni tó gbé e kọ́rùn sì ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí omele àti gúdúgúdú dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ wá wo bí ẹsẹ̀ oníjó yóò ṣe máa wá ilẹ̀ kiri. Omele la jẹ́. Ní ọdún 1834, Berlioz, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ iṣẹ́ ńlá kan tí fíólà wà níwájú nínú rẹ̀, nítorí pé Paganini, àgbà fáyólìn ayé ìgbà náà, ló ní kó kọ ọ́ fún òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Paganini wo ìwé rẹ̀, ó ní ìdákẹ́jẹ́ tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ jù fún òun, kò sì ta á. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní lọ́jọ́ tí a bá kọ́kọ́ pàdé, mo sì máa ń wojú wọn. Ẹni tí ó bá rò pé Paganini ló jàre, mo máa ń gbà á níyànjú kó lọ kọ́ fọnfèrè.

Ẹ̀gbọ́n wa lè rò pé àwa dúdú nìkan ni kì í ka ohun-èlò yìí sí. Àwọn òyìnbó pàápàá, fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí fáyólìn bá kọ̀ ni wọ́n ń tì sídìí fíólà. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi ayé rẹ̀ jà fún un ni Lionel Tertis, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní ọdún 1876, tó kọ́ni ní Royal Academy of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń rọ àwọn akọ̀wé-orin láti kọ iṣẹ́ fún fíólà. Bí ó ti jẹ́ akọni tó yẹn, àgbà náà ṣìnà nígbà kan: ní ọdún 1929, nígbà tí William Walton, akọ̀wé-orin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ tuntun fún fíólà wá fún un, ó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ ti ṣàjèjì jù, ó dá a padà. Ọmọ Jámánì kan, Paul Hindemith, ló gbà á tó ta á ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Tertis sì gbà nígbẹ̀yìn pé òun ló ṣàṣìṣe. Mo ń ro ìtàn yẹn lọ́pọ̀ ìgbà nítorí olùkọ́ lèmi náà. Ó lójú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo dá padà rí tí n kì bá tí dá padà.

Hindemith yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa wò dáadáa, nítorí ọ̀nà tí ọmọ-ọmọ wọn fẹ́ tọ̀ ni ọkùnrin náà tọ̀. Ó ń ta fíólà, ó ń kọ orin, ó sì ń kọ́ni. Láti ọdún 1927 ló ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti orin ní Berlin, títí ìjọba Hitler fi fòfin de orin rẹ̀ tó sì di ẹni tó ń fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1936, ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti wá ta fíólà nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, wàjà. Kò sẹ́ni tó tún lè gbọ́ orin ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fún un ní yàrá kan ní BBC, láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ló sì fi kọ orin ọ̀fọ̀ tuntun kan fún fíólà, òun náà ló sì ta á fún gbogbo ìlú gbọ́ lórí rédíò. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, Yunifásítì Yale gbà á síṣẹ́ láti ọdún 1940 títí di 1953. Ọ̀nà kan náà ni William Primrose ọmọ ilẹ̀ Scotland gbà. Fáyólìn ló ń ta kí olùkọ́ rẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, Eugène Ysaÿe, tó rọ̀ ọ́ pé kó gbé fíólà. Òun ló bẹ Béla Bartók, akọ̀wé-orin ọmọ ilẹ̀ Hungary, níṣẹ́ orin kan fún fíólà, tí Bartók kò tíì parí nígbà tó kú ní ọdún 1945, tí ọ̀rẹ́ Bartók kan, Tibor Serly, jókòó tì fún ọdún bíi mélòó kan kí ó tó tò ó jọ, tí Primrose fi wá ta á fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Minneapolis ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún 1949. Ọkùnrin yìí náà parí sídìí iṣẹ́ olùkọ́, ó kọ́ni ní Yunifásítì Indiana, àwọn ìwé rẹ̀ sì wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Brigham Young lónìí fún ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n.

Ti èmi kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n òun ni mo mọ̀ dunjú. Nínú ìjọ kan ní Òṣogbo níbí ni mo ti kọ́kọ́ di fáyólìn mú nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń ta dùùrù, tó fi ìwé kọ́ ara rẹ̀ ní fáyólìn. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, olùkọ́ wa na ọwọ́ òsì mi síta, ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú tirẹ̀, ó ní, “Ọwọ́ rẹ gùn, a kò sì ní onífíólà. Gbà.” Bí mo ṣe di onífíólà nìyẹn. Okùn mẹ́ta ló wà lára fíólà ilé ẹ̀kọ́ náà, èyí tó rẹlẹ̀ jù ti já láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, n kò sì rí òmíràn rà. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni mo tú, mo fa fọ́nrán kan yọ níbẹ̀, mo sì fi so ó. Ohùn tó ń mú jáde kò ṣeé fẹnu sọ, àmọ́ mo fi ta orin fún odidi sáà kan. Mo tún ní láti kọ́ ìwé kíkà lákọ̀tun, nítorí àmì tó ń bẹ níwájú orin fíólà yàtọ̀ sí ti fáyólìn. Ìlà àárín gbùngbùn nínú ìlà márùn-ún ni dò àárín dúró lé, ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ ti fáyólìn yóò máa kọsẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́ta.

Lẹ́yìn oyè kìíní, mo rí ìrànlọ́wọ́ lọ kàwé sí i ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì kò gbọ́n jù mí lọ, n kò sì rí èyí tó fẹ́ràn orin jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún méje, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ń fi orí rò kí n tó ṣe é, ìka wọn ti ṣe é tán. Olùkọ́ tí wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́ mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dákẹ́, ó ní kí n gbé ọwọ́ òsì mi sórí itan, kí n máa fa ọ̀pá onírun tí a fi ń ta á lórí okùn lásán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti gboyè, mo ti wọ aṣọ oyè ya fọ́tò tí ìyá mi gbé kọ́ sí pálọ̀, mo sì wà ní ìlú òtútù tí mo ń fa okùn lásán bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. A kì í mọ onífíólà ní yunifásítì. Ibi tí wọ́n ti ń dán an ni yunifásítì; ibi tí wọ́n ti ń mọ ọ́n ni ọwọ́ ọmọ kékeré tí egungun rẹ̀ kò tíì le. Yorùbá mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n bí ọmọ sílé Àyàn, wọ́n wá ní kó di ogún ọdún kó tó fọwọ́ kan ìlù? Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ, kó tó mọ ìrìn ló ti ń fi igi lu agolo, nígbà tó bá pé ọdún mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ lè gbé omele fún un lóde ìnáwó kó sì yíjú síbòmíràn. Shinichi Suzuki, ọmọ Jàpáànù tí wọ́n bí ní ọdún 1898, gbé irú ọgbọ́n yìí kalẹ̀ fún fáyólìn: ó ní gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ṣe ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ kó tó sọ ọ́, kó tó kà á, bẹ́ẹ̀ ni kó ṣe kọ́ orin. Gbogbo ayé ló ń fi orúkọ Suzuki pe ọ̀nà yẹn. Àwọn àgbà onílù wa ń ṣe é láti ayébáyé, kò sẹ́ni tó fi orúkọ wọn pe é.

Nítorí náà, bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́ nípa ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo lò, ohun tó lé ní ìdajì rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń san owó yunifásítì fún mi lé lórí. Ọmọ ọdún méjìdínlógún, mọ́kàndínlógún, yóò wọlé dé. Ó lè kọrin, ó lè ta piyánó díẹ̀ nínú ìjọ, ṣùgbọ́n kò di fíólà mú rí, ọdún mẹ́rin péré la sì ní kó tó dúró níwájú ènìyàn láti ta orin ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ọdún kìíní yóò lọ sórí bí a ṣe ń gbé e sí èjìká láì há ọrùn. Ọdún kejì yóò lọ sórí kí ohùn má fọ́. Nígbà tó bá wá kù díẹ̀ kó máa dùn, a ó gbọ́ ìyanṣẹ́lódì. Èyí tó wáyé ní ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì sí oṣù kẹwàá. Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn lè jókòó sílé kàwé, ṣùgbọ́n fíólà ilé ẹ̀kọ́ wà nínú yàrá tí a tì pa, nígbà tí a sì ṣí i, ìka àwọn ọmọ ti gbàgbé ohun tó mọ̀. Ọmọ méjì tí mo rò pé wọn yóò dára jù kò padà wá.

Ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ta orin fún wákàtí kan ààbọ̀ nígbà kan, iṣẹ́ tí mo fi oṣù mẹ́jọ múra rẹ̀, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ìgbéga mi sì ní àwọn rí i, ó dára, àmọ́ ìwé ìwádìí dà. Ní ojú wọn, orin tí a ta kò tó ìwé tí a kọ nípa orin tí ẹlòmíràn ta. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn bàbá tó ń ta gòjé, mo jókòó tì wọ́n ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, mo kọ nípa bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀pá àti bí wọ́n ṣe ń fi ìka pín okùn kan ṣoṣo sí ọ̀pọ̀ ohùn. Gòjé ló sọ mí di olùkọ́ àgbà. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u lójú mi. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Akin Euba tó kọ́ni ní Ifẹ̀, ní Èkó àti ní Pittsburgh kó tó di olóògbé ní ọdún 2020, piyánó ló kọ́ ní ìlú òyìnbó, ṣùgbọ́n dùndún Yorùbá ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní ọdún 1974. Fela Sowande náà, onídùùrù pátápátá, tó ti kọ orin fún àwọn ohun-èlò olókùn láti ọdún 1944, tí àwa onífíólà sì rí iṣẹ́ ṣe nínú rẹ̀, wá kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ lo ìyókù ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀gbọ́n ní ohun-èlò náà kì í ṣe tiwa. Gòjé ńkọ́? Ọ̀dọ̀ Hausa ló ti wá bá wa, igbá tí a bo awọ, okùn kan, àti ọ̀pá tí irun ẹṣin wà lára rẹ̀, irú irun ìrù ẹṣin kan náà tó wà lára ọ̀pá fíólà mi. Nígbà tí Yusufu Ọlátúnjí fi ń kọ sákárà, tí gòjé ń dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó dìde lóde àríyá pé ohun àjèjì ni wọ́n ń ta. Òṣogbo ni a tún wà. Ní ọdún 1962 tí Dúró Ládiípọ̀, eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, ṣí ilé iṣẹ́ ọnà ní ìlú yìí, Mbari ni orúkọ tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ Igbo ni. Àwọn ará Òṣogbo kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀; wọ́n yí i lẹ́nu, ó di Mbárí-Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, màá yọ̀. Ìlú tó lè sọ ọ̀rọ̀ àlejò di oríkì ara rẹ̀ báyìí, kí ló dé tí igi pákó olókùn mẹ́rin fi ń bà á lẹ́rù? Kí a má sì gbàgbé pé Dúró Ládiípọ̀ yìí náà kọ orin Àjíǹde kan ní ọdún 1961, ó fi ìlù sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú pé ìlù kì í ṣe ohun ilé Ọlọ́run. Nígbà yẹn, wọ́n ń lé tiwa jáde nítorí pé tiwa ni. Lónìí, a fẹ́ lé tàlejò jáde nítorí pé tàlejò ni. Orin kò wá ní ìjókòó kankan mọ́ láàárín wa.

Ibi tí mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n ni ti owó, n kò sì ní purọ́. Okùn mẹ́rin tó dára fún fíólà lè tó ọgọ́rùn-ún dọ́là ní òkè òkun. Bí a bá ṣẹ́ dọ́là kan sí náírà 1,500, náírà 150,000 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náírà 70,000 ni owó-oṣù tó kéré jù tí wọ́n fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024. Ọyẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ fíólà. Àtè tí a fi awọ ẹran sè ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, kí ó lè ṣeé tú bí àtúnṣe bá dé, igi rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Bí ọyẹ́ bá fẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè là lóru tí wàá gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹ̀pà bá sán. Mo gbé tèmi lọ fún gbẹ́nàgbẹ́nà kan nígbà kan, ọlọ́wọ́ pípé ni, ṣùgbọ́n àtè funfun tí wọ́n fi ń kan àga ló dà sí i, odidi ọdún kan ló gbà kí n tó rí ẹni tó lè yọ ọ́. Ìlú tí àwọn agbẹ́gilére pọ̀ sí tó báyìí, tó jẹ́ pé àwọn tó ń gbẹ́ igi òmọ̀ àti apá fún ìlù kò jìnnà sílé mi, kò yẹ kí fíólà tó là máa dúró de Èkó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ń ka èyí, iṣẹ́ wà.

Àwọn tí mo kọ́ kò ní ìgbésí ayé kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, níbi tí orin bá wà. Ó yẹ kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí WAEC kò yọ orin kúrò nínú ìdánwò rẹ̀. Mẹ́rin kan kóra jọ ní Èkó, fáyólìn méjì, fíólà kan, ṣẹ́lò kan; ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n a máa ta orin níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń ta jùjú àti orin ìjọ pọ̀ mọ́ ti Mozart, owó tí wọ́n ń gbà ní ọjọ́ kan sì máa ń tì mí lójú bí mo bá rántí owó ìfẹ̀yìntì mi. Méjì ń kọ́ni ní òkè òkun. Ọ̀kan, tó mọ ọ́n ta jù nínú gbogbo wọn, ń ta irin àti símẹ́ńtì báyìí. Ó ní bí ọjà bá ti tú, òun a máa gbé fíólà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó wá ra ìṣó a sì dúró gbọ́. N kò mọ bóyá kí n pe ìyẹn ní òfò.

Kí ìjọba má ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan pa. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n fún kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n mú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní Òṣogbo, kí wọ́n gba ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ wọ̀nyí síṣẹ́ olùkọ́ ní ibẹ̀, kí wọ́n ra fáyólìn kékeré ogún. Fún fíólà, kò tilẹ̀ gba ìnáwó ọ̀tọ̀, nítorí fáyólìn kékeré tí a bá so okùn fíólà mọ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún mẹ́wàá bá fi kọjá, olùkọ́ tó bá wà ní yunifásítì nígbà náà yóò lè ṣe iṣẹ́ yunifásítì.

Mo ti ń ṣe ìwọ̀nba tí agbára mi gbé. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, ní agogo mẹ́sàn-án, ọmọ márùn-ún ló ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méje, ó sì ti ń fi ohùn okùn rẹ̀ pe orúkọ ìyá rẹ̀ bí onílù. Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n ti dàgbà díẹ̀, n kò ní tan wọ́n jẹ, ọ̀nà tirẹ̀ yóò le bí tèmi ṣe le. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò sẹ́ni tó fi fíólà hàn án tó fi gbọ́ ọ láàárín gbogbo ariwo, tó sì yàn án, mo fẹ́ gbọ́ ibi tó ti gbọ́ ọ. Mo ti kọ àdírẹ́sì mi sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún Olóòtú, wọn yóò fi ṣọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n. Kí ọmọ náà má gbé ohunkóhun wá, kó ṣáà gé èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n náà bá a wá. Àga wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ orin kan tó ti fẹ̀yìntì,
Òṣogbo.